Ta Ni Olè? Ìtàn Àwọn Aráàlú Tó Ń Dẹ Tàkúté fún Ọmọnìkejì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹnì kan bá tan ọ̀dọ́ kan títí ọ̀dọ́ náà fi jalè, tó sì jẹ́ pé ẹni tó tàn án náà ló tún fà á lé ìjọba lọ́wọ́, ta ni olè nínú àwọn méjèèjì? Àwọn àgbà wa ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́. Wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí òwe parí ní gbólóhùn kan yìí ti ń da àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàmú fún ohun tó lé ní 250 ọdún.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn àwọn aráàlú tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń dẹ tàkúté ẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọnìkejì wọn, àti bí ilé ẹjọ́ ṣe ń wá ọ̀nà tí kò fi ní di ohun èlò lọ́wọ́ wọn. Mo yan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú òfin ọ̀daràn tí a ń lò ní Nàìjíríà ti ṣẹ̀ wá. Èrò mi ni pé tàkúté irú èyí kì í pé títí ilé ẹjọ́ yóò fi bá ẹni tó dẹ ẹ́ pa á dé. Nítorí náà, ilé ẹjọ́ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Nígbà tí kò sí ọlọ́pàá

Ní nǹkan bí ọdún 1700, ìlú Lọ́ńdọ̀nù ti tóbi, ṣùgbọ́n kò ní ọlọ́pàá bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Aráàlú lásán ni kọ́ńsítébù àdúgbò, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà bó bá ṣe kàn wọ́n, àwọn ọdẹ sì ń rìn kiri lóru pẹ̀lú fìtílà. Ẹni tí wọ́n bá jà lólè ni yóò fúnra rẹ̀ wá olè náà, òun náà ni yóò sì náwó gbé e lọ sílé ẹjọ́. Lójú ọ̀nà tó wọ Lọ́ńdọ̀nù, àwọn dánàdánà ń gun ẹṣin, wọ́n ń fi ìbọn dá àwọn arìnrìn-àjò dúró, wọ́n sì ń gba ohun ìní wọn.

Ní 1692, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wá ojútùú kan. Wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá mú dánàdánà, tí ilé ẹjọ́ sì dá ọ̀daràn náà lẹ́bi, yóò gba 40 pọ́n-ùn. Ẹṣin àti ohun ìjà ọ̀daràn náà yóò tún di tirẹ̀, àfi bí wọ́n bá jẹ́ ohun tí wọ́n jí. Nígbà náà, 40 pọ́n-ùn ju owó tí lébìrà kan lè rí ní odindi ọdún kan lọ. Ní àwọn àkókò kan, ọba tún máa ń kéde 100 pọ́n-ùn lé e lórí fún àwọn adigunjalè tí wọ́n bá mú nítòsí Lọ́ńdọ̀nù.

Èrò rere ló wà nídìí òfin yìí. Ìjọba kò ní òṣìṣẹ́ tí yóò mú olè, ó sì fẹ́ kí aráàlú ran òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin náà ń sanwó fún. Kò sanwó fún ìlú tí olè kò sí. Ìdálẹ́bi ló ń sanwó fún. Ẹni tó bá fẹ́ máa jẹun nídìí rẹ̀ nílò olè ní gbogbo ìgbà. Bí olè kò bá sì tó, kò sí ohun tó ní kó má dá olè sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Báyìí ni àwọn kan ṣe sọ olè mímú di iṣẹ́ oòjọ́. Amólè ni mo máa pè wọ́n. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú wọn ni Jonathan Wild, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá àgbà àwọn amólè ní Great Britain àti Ireland. Lójú gbogbo ayé, ọ̀tá olè ni. Ní kọ̀rọ̀, òun gan-an ni baba ìsàlẹ̀ wọn. Àwọn olè ń jí ẹrù, Wild ń bá ẹni tó ni ẹrù “wá a rí”, yóò sì gba owó ọpẹ́. Olè tó bá ṣe oríkunkun sí i, yóò fà á lé ilé ẹjọ́ lọ́wọ́, yóò sì gba 40 pọ́n-ùn lórí rẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n yẹgi fún Wild ní Tyburn ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1725. Wọ́n pa ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi 40 pọ́n-ùn sílẹ̀.

Ọ̀nà Deptford

Ní bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú Wild, àwọn ọkùnrin kan lẹ̀dí àpò pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ wọn ni Stephen McDaniel, John Berry, James Egan àti James Salmon. Thomas Blee ni ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́. Ní 1754, wọ́n ṣètò olè jíjà kan bí ẹni tó ń ṣètò eré orí ìtàgé, olúkúlùkù ní ipa tirẹ̀.

Ipa Blee ni láti wá ọ̀dọ́ méjì tí kò mọ Salmon rí. Ó rí Peter Kelly àti John Ellis. Ó sọ fún wọn pé aṣọ wà ní Deptford, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn lè lọ jí. Àwọn méjèèjì gbà. Ipa Salmon, tó jẹ́ ẹni tó ń rán ṣòkòtò aláwọ, ni láti máa rìn lọ lójú ọ̀nà Deptford pẹ̀lú owó àti ẹrù lọ́wọ́, kí wọ́n lè rí i jà lólè. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, Blee darí àwọn ọ̀dọ́ náà sí Salmon, wọ́n sì gba ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn amólè yọ, wọ́n sì mú Kelly àti Ellis. Blee nìkan ló ráyè “sá lọ”.

Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ náà lọ sílé ẹjọ́ ní ìlú Maidstone. Salmon búra, ó ní wọ́n ja òun lólè lójú pópó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ilé ẹjọ́ dá àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì lẹ́bi, ikú sì ni ìjìyà olè ojú pópó nígbà náà. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, 40 pọ́n-ùn ń dúró de àwọn amólè. Àwọn ará Greenwich sì ti ṣèlérí 20 pọ́n-ùn tiwọn fún ẹni tó bá mú dánàdánà ní agbègbè náà.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Kelly àti Ellis kì í ṣe ọmọ mímọ́. Wọ́n kúrò nílé láti lọ jí aṣọ, wọ́n sì jí ẹrù Salmon lóòótọ́. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n jìyà fún èrò burúkú tí wọ́n gbé lọ sí Deptford, n kò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni ìbá ja Salmon lólè lọ́jọ́ náà bí kì í bá ṣe pé Salmon fúnra rẹ̀ jáde wá kí wọ́n lè ja òun lólè? Àwọn tó ń jẹ́rìí nílé ẹjọ́ ló ni èrò náà, àwọn ló ni ẹrù náà, owó orí àwọn ọ̀dọ́ náà ni wọ́n sì ń wá.

Ẹni tó tú àṣírí wọn ni Joseph Cox, ọ̀gá àwọn kọ́ńsítébù ní agbègbè Blackheath. Ó fura, ó mú Blee, Blee sì jẹ́wọ́. Cox kò pariwo. Ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ McDaniel wọ ilé ẹjọ́ Maidstone, kí wọ́n búra, kí wọ́n gba ìdálẹ́bi tí wọ́n ń wá. Lẹ́yìn náà ló mú wọn. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ì bá ní àwọn kò mọ Blee rí.

Bí ìwádìí ti ń lọ, ọ̀rọ̀ tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde. Ní oṣù kejì ọdún 1754 kan náà, wọ́n ti yẹgi fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joshua Kidden ní Tyburn. Alábàárù tó ń wá iṣẹ́ ni. Wọ́n fi iṣẹ́ tàn án, wọ́n mú un lọ síbi tí obìnrin kan, Mary Jones, ti ń dúró, obìnrin náà sì búra pé ó ja òun lólè. Kidden ní tirẹ̀ kò gbèrò láti jí ohunkóhun. Ó kàn ń wá ohun tí yóò jẹ ni, àwọn amólè sì gba owó lórí rẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní orúkọ

Ní 1755, wọ́n gbé McDaniel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sílé ẹjọ́ Old Bailey ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ran olè ojú pópó lọ́wọ́. Àwọn adájọ́ àgbà ilẹ̀ náà péjọ láti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ìbéèrè wọn rọrùn: kí ni ìtumọ̀ olè ojú pópó? Òfin ní ó jẹ́ gbígba nǹkan lọ́wọ́ ẹni láìjẹ́ pé ẹni náà fẹ́. Salmon ńkọ́? Salmon fẹ́. Òun ló tilẹ̀ ṣètò rẹ̀. Nítorí náà, nínú òfin, kò sí olè ojú pópó ní Deptford lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì lè ran ohun tí kò ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n dá wọn sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn yẹn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibi yìí, ó yà mí lẹ́nu. Ìdáhùn àwọn adájọ́ túmọ̀ sí pé ẹ̀ṣẹ̀ tí Maidstone dá Kelly àti Ellis lẹ́bi ikú sí kò wáyé rárá. Òtítọ́ tó gba ẹlẹ́tàn sílẹ̀ ni ó yẹ kó ti gba ẹni tí wọ́n tàn jẹ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọ́ ní Maidstone, nítorí pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ni ẹlẹ́rìí.

Lẹ́yìn èyí, ìjọba fi ẹ̀sùn ìdìmọ̀lù kan àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì jẹ̀bi. Wọ́n rán wọn lẹ́wọ̀n ọdún méje, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ ki ọrùn àti ọwọ́ wọn bọ pákó ní gbangba, kí gbogbo ayé rí wọn. Ní oṣù kẹta 1756, wọ́n mú Egan àti Salmon lọ sí ọjà Smithfield. Èrò ya bò wọ́n, wọ́n ń sọ wọ́n lókùúta, Egan sì kú síbẹ̀. Ní ọdún kan náà, wọ́n tún fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan McDaniel, Berry àti Mary Jones nítorí ikú Kidden. Àwọn ará ìlú méjìlá tí òfin pè jókòó, tí a ń pè ní júrì, ní wọ́n jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn amòfin ń ṣiyèméjì bóyá jíjẹ́rìí èké títí ilé ẹjọ́ fi pa ènìyàn jẹ́ ìpànìyàn lábẹ́ òfin. Agbẹjọ́rò ìjọba kò jà á dé òpin, wọn kò sì pa wọ́n nítorí rẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo èyí ni pé òfin kò ní orúkọ fún ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ó mọ olè, ó mọ apànìyàn, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó sọ ilé ẹjọ́ di idà ọwọ́ ara rẹ̀. Nítorí pé òfin kò rí ohun tí yóò ṣe, àwọn èrò ọjà ṣe tiwọn, wọ́n sì fi ẹ̀ṣẹ̀ tuntun lé ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́.

Ó tún pẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan orísun wàhálà náà. Ní 1816, wọ́n dá George Vaughan, òṣìṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ Bow Street, lẹ́bi nítorí pé ó tan àwọn ọ̀dọ́ láti lọ fọ́lé kí wọ́n lè gba owó lórí wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1818, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fagi lé owó tí wọ́n ń san fún ìdálẹ́bi. Ní 1829, Lọ́ńdọ̀nù ní ọlọ́pàá tó ń gba owó oṣù. Amólè kò ní oúnjẹ mọ́.

Ọlọ́rọ̀ èké

Ṣùgbọ́n bí ìjọba kò bá sanwó fún tàkúté mọ́, ẹlòmíì lè san án. Ní òpin ọ̀rúndún ogún, ìwé ìròyìn ló ń san án. Akọ̀ròyìn kan, Mazher Mahmood, máa ń wọ aṣọ bí ọlọ́rọ̀ ará Lárúbáwá, yóò gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá, yóò sì pe àwọn ènìyàn olókìkí wá pé òun ní iṣẹ́ fún wọn. Ìwé ìròyìn News of the World ló ń tẹ ohun tó bá rí jáde.

Ní 1997, ó fi irú ọgbọ́n yìí pe òṣèré tẹlifíṣàn kan, John Shannon, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí John Alford, wá sí òtẹ́ẹ̀lì Savoy. Iṣẹ́ ní Dubai ni ìlérí tí wọ́n fi pè é. Kó tó di pé ọ̀rọ̀ parí, Shannon ti bá wọn wá kokéènì àti igbó. Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́sàn-án ní 1999. Ní 1998, tàkúté kan náà mú ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Earl of Hardwicke, àti ẹnìkejì rẹ̀. Júrì dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìwé sí adájọ́ pé bí òfin bá gba àwọn láàyè láti ro bí wọ́n ṣe tan àwọn ọkùnrin náà tó, ohun mìíràn ni àwọn ìbá sọ. Adájọ́ kò jẹ́ kí wọ́n wọ ẹ̀wọ̀n náà ní kíá, ó so ó rọ̀.

Èé ṣe tí òfin kò fi gba júrì náà láàyè? Ní 1979, House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà, ti sọ nínú ẹjọ́ Sang pé “wọ́n tàn mí ni” kì í ṣe àwíjàre lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ṣẹ̀ ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà. Láti ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn adájọ́ ti ń sọ pé àwọn lágbára láti dá ẹjọ́ dúró bí ẹnì kan bá ń ṣi ìlànà ilé ẹjọ́ lò. Ní 1993, wọ́n sọ ọ́ ketekete nínú ẹjọ́ Bennett, ọkùnrin kan tó ní wọ́n fi tipátipá gbé òun wá láti South Africa láìtẹ̀lé òfin tó wà fún gbígba ọ̀daràn láti ilẹ̀ òkèèrè. Ìbéèrè ibẹ̀ kì í ṣe bóyá olùjẹ́jọ́ ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni bóyá ọwọ́ ilé ẹjọ́ yóò mọ́ bí ó bá dá ẹjọ́ náà.

Ní oṣù kẹwàá 2001, House of Lords lo èrò yìí fún tàkúté nínú ẹjọ́ Loosely àti èkejì rẹ̀. Nínú èkejì yìí, àwọn ọlọ́pàá tó pa ara dà ń ta sìgá olówó pọ́ọ́kú fún ọkùnrin kan, wọ́n sì ń bi í léraléra pé kó bá àwọn wá heroin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní òun kò sí nídìí rẹ̀. Àwọn adájọ́ ní ó tọ́ kí wọ́n dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dúró. Wọ́n ní ọlọ́pàá lè fún ènìyàn ní àǹfààní tí oníbàárà lásán yóò fún un, kó sì wo ohun tí yóò ṣe. Ṣùgbọ́n ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan dá ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, kó wá fi ọwọ́ kejì jẹ ọmọ ìlú níyà nítorí rẹ̀.

Ṣé ààbò yìí kan ẹni tí aráàlú dẹkùn fún? Kì í sábà kàn án. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò gba ẹ̀bẹ̀ Shannon ní 2000, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Strasbourg náà kò sì gbà á ní 2004. Ní 2006, adájọ́ kan ṣàlàyé rẹ̀ nínú ẹjọ́ dókítà kan tí akọ̀ròyìn dẹkùn fún: ìjọba ló ń lo agbára lórí ọmọ ìlú, ìdí rèé tí ilé ẹjọ́ fi ń ká a lọ́wọ́ kò. Akọ̀ròyìn kì í ṣe ìjọba. Kìkì bí ìwà rẹ̀ bá burú rékọjá ààlà ni ilé ẹjọ́ lè dá ẹjọ́ dúró. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Láti 1932, nínú ẹjọ́ Sorrells, ni ilé ẹjọ́ gíga wọn ti gba tàkúté gẹ́gẹ́ bí àwíjàre, ṣùgbọ́n tàkúté òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà

Kò yẹ kí n sọ ti ẹnu mi nìkan, nítorí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mazher Mahmood yìí kan náà ló tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì ní 2010. Ó ṣe bí ọlọ́rọ̀ tó fẹ́ ta tẹ́tẹ́, ó fún aṣojú àwọn agbábọ́ọ̀lù Pakistan kan ní 150,000 pọ́n-ùn, aṣojú náà sì sọ fún un ṣáájú àkókò tí wọn yóò mọ̀ọ́mọ̀ ju bọ́ọ̀lù tí kò bófin mu ní pápá Lord’s. Bí ó ṣe sọ ọ́ ni wọ́n ṣe é. Aṣojú náà àti àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ sẹ́wọ̀n ní 2011. Bí kò bá sí tàkúté yẹn, ta ni ìbá mọ̀?

Àwọn aráàlú kan tún wà lónìí tó ń ṣe bí ọmọdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè mú àwọn àgbàlagbà tó ń dọdẹ ọmọ ọlọ́mọ. Ní 2018, adájọ́ kan dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dúró, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá a padà. Ní 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìlú ọba sọ nípa ẹjọ́ kan láti Scotland pé ìjọba lè lo irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Òbí wo ni yóò ní kí wọ́n tú ẹni tó ń wá ọmọ kiri sílẹ̀? Èmi náà kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹjọ́ olórin Tulisa Contostavlos. Ní 2013, Mahmood ṣe bí olùṣe fíìmù, ó sì ṣèlérí ipa ńlá fún un nínú fíìmù pẹ̀lú òṣèré olókìkí. Wọ́n fẹ̀sùn kan Tulisa pé ó bá wọn ṣètò kokéènì. Awakọ̀ Mahmood ti kọ́kọ́ sọ fún ọlọ́pàá pé òun gbọ́ tí Tulisa sọ pé òun kórìíra oògùn olóró. Lẹ́yìn náà, awakọ̀ náà yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ní oṣù keje 2014, adájọ́ dá ẹjọ́ náà dúró pátápátá ní ilé ẹjọ́ Southwark, nítorí ó gbà pé Mahmood ti parọ́ fún òun lórí ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ awakọ̀ náà. Ní 2016, júrì dá Mahmood àti awakọ̀ rẹ̀ lẹ́bi pé wọ́n dìmọ̀lù láti dojú ẹjọ́ rú. Mahmood gba ẹ̀wọ̀n oṣù 15.

Ẹ wo bí ó ṣe jọ ti Maidstone. Ẹni tó dẹ tàkúté ni ẹlẹ́rìí pàtàkì. Òun ló mọ òtítọ́, òun ló sì ní ìdí láti fi pamọ́.

Ìdájọ́ tèmi

Àwọn adájọ́ ní akọ̀ròyìn kì í ṣe ìjọba. Òótọ́ ni. Amólè 1754 náà kì í ṣe ìjọba. Ṣùgbọ́n McDaniel kò ní okùn tirẹ̀, kò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, kò sì ní adájọ́. Ti ìjọba ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó dẹ sí ọ̀nà Deptford kò lè pa ẹnikẹ́ni títí Maidstone fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, mo gbà pé bí aráàlú bá gbé ẹran tàkúté wá sílé ẹjọ́, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí adájọ́ bi í kó tó gbà á. Ta ni èrò ẹ̀ṣẹ̀ náà kọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀? Èrè wo ni ẹni tó dẹ tàkúté ń jẹ nínú ìdálẹ́bi yìí? Ṣé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ló gbé wá, àbí èyí tó wù ú nìkan? Ẹjọ́ kíríkẹ́ẹ̀tì yóò yege, nítorí pé ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ kò dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnu Mahmood nìkan, gbogbo ayé ló wo bọ́ọ̀lù náà. Ẹni tó fúnra rẹ̀ ń wá ọmọdé kiri kò ní rí ibi sá sí. Ti Kidden, ti Kelly àti Ellis, àti ti Tulisa kò ní dé ibi tí wọ́n dé.

Ní ilẹ̀ tiwa, Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 14, fún adájọ́ láàyè láti kọ ẹ̀rí tí wọ́n gbà lọ́nà tí kò tọ́, bí ewu gbígbà á bá ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ fún adájọ́ tó bá fẹ́ béèrè.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ọ̀dọ́ gan-an. Lónìí, ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè ju owó sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kó fara pamọ́, kó ya fídíò ẹni tó bá he é, kó sì gbé e fún gbogbo ayé pé olè rèé. Kò ní gba 40 pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n bí èrò tó wò ó bá ṣe pọ̀ tó ni èrè rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí. A sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láwọn ìgboro wa bí wọ́n bá pariwo “olè” lé ẹnì kan lórí. Kò sí Joseph Cox níbẹ̀, kò sì sí adájọ́ tí yóò béèrè ìbéèrè kankan. Bí a bá fẹ́ gbógun ti olè, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ilé, ká sì sọ òtítọ́ níwájú adájọ́. Ẹni tó bá ń wá olè lójú méjèèjì tí kò rí, kó dúpẹ́ pé ìlú dára. Kó má ṣe dá ọ̀kan sílẹ̀.